Etí Ọmọdé Kò Mọ Kónílé-Ó-Gbélé

Ní agogo mọ́kànlá alẹ́ ọjọ́ 30 oṣù Kẹta, ọdún 2020, àṣẹ Ìjọba Àpapọ̀ múlẹ̀ pé kí onílé gbélé ní Èkó àti ní Àbújá nítorí àrùn Kòrónà. Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé láti Ìkẹjà dé Agége kò ní í gbàgbé bí ilẹ̀ ọjọ́ kejì ti mọ́. A yọ̀ǹda fún àwọn tí ń ṣe oúnjẹ àti oògùn, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú àwọn ilé iṣẹ́ yòókù ní òpópónà Ọba Akran, ní Agídìngbí àti ní Ọgbà ni ó ti ìlẹ̀kùn. Fèrè àwọn tí ń pààrọ̀ iṣẹ́ kò dún. Ẹ̀rọ kò kùn. Kọ̀ńdọ́kítọ̀ kò ké "Agége! Agége!" mọ́. Ìdákẹ́rọ́rọ́ náà bà wá lẹ́rù, nítorí pé etí wa kò mọ irú rẹ̀ rí.

Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ kan wà láàrin wa tí irú ìdákẹ́rọ́rọ́ bẹ́ẹ̀ kì í ṣe àlejò lọ́dọ̀ wọn. Inú rẹ̀ ni a bí wọn sí, tàbí kí àìsàn ti jù wọ́n sínú rẹ̀ kí wọ́n tó mọ orúkọ ara wọn. Ọ̀nà kan wà tí ìmọ̀ òde òní ti là fún àwọn kan nínú wọn láti gbọ́ ohùn. Ọ̀nà náà ti há tẹ́lẹ̀ fún ọmọ mẹ̀kúnnù. Nígbà tí àjàkálẹ̀ àrùn dé, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dí pátápátá. Ọ̀rọ̀ yìí ni a fẹ́ bá ẹ̀yin òǹkàwé wa sọ lónìí. Lóòótọ́ ni Àjọ Ìlera Àgbáyé ti kéde ní ọjọ́ 5 oṣù Kàrún-ún, ọdún 2023 pé àkókò pàjáwìrì àrùn náà ti dópin, ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ tí ó fi sílẹ̀ kò gbọ́dọ̀ bá a lọ.

Ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ mọ ohun tí à ń wí. Bí ohùn bá dé ihò etí, yóò lu awọ tẹ́ẹ́rẹ́ kan bí ọ̀pá ti ń lu ìlù; egungun kéékèèké mẹ́ta yóò gbé e kọjá sí inú lọ́hùn-ún, níbi tí ohun kan wà tí ó lọ́ bí ìkarahun ìgbín. Nínú ìkarahun yìí ni àwọn irun tíntìntín wà, tí iṣẹ́ wọn jẹ́ láti sọ ohùn di iṣẹ́ tí iṣan yóò lọ jẹ́ fún ọpọlọ. Bí irun wọ̀nyí bá ti kú, ẹ̀rọ àfetígbọ́ tí a ń fi kọ́ etí kò lè ṣe ohun púpọ̀, nítorí pé ńṣe ni ó kàn ń sọ ohùn di ńlá. A lè kígbe títí ní ẹnu ọ̀nà. Bí kò bá sí ẹnikẹ́ni nínú ilé, ta ni yóò dáhùn?

Ẹ̀rọ inú etí, èyí tí àwọn onímọ̀ ń pè ní cochlear implant, yàtọ̀ sí ìyẹn. Apá rẹ̀ kan wà ní ìta, lẹ́yìn etí, tí ó ń gba ohùn tí ó sì ń túmọ̀ rẹ̀. Apá kejì ni oníṣẹ́ abẹ yóò gbé sí abẹ́ awọ orí, tí yóò sì ki wáyà rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ bọ inú ìkarahun ìgbín náà. Iná mànàmáná kékeré ni ó fi ń jí iṣan ìgbọ́ràn fúnra rẹ̀, láìdúró de irun tí ó ti kú. Ìlú Paris ni André Djourno àti Charles Eyriès ti kọ́kọ́ fi iná jí iṣan ìgbọ́ràn ọkùnrin adití kan ní ọdún 1957. William House tẹ̀ lé wọn ní Los Angeles ní 1961. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 1978, Graeme Clark, ẹni tí baba rẹ̀ pàápàá kò gbọ́ràn dáadáa, ṣe iṣẹ́ abẹ ẹ̀rọ oníwáyà púpọ̀ ní Melbourne ní ilẹ̀ Ọsirélíà. Láti ìgbà náà wá ni iṣẹ́ yìí ti ń tàn káàkiri, a sì ti ṣe é ní ilẹ̀ Nàìjíríà níbí pẹ̀lú.

Ẹni tí ó bá rò pé iṣẹ́ abẹ náà ni òpin kò tíì mọ ìdí ọ̀rọ̀. Ọ̀sẹ̀ díẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀ ni a tó ń tan ẹ̀rọ, ohùn àkọ́kọ́ tí ọmọ náà yóò gbọ́ kò sì ní ní ìtumọ̀ kankan sí i. Ọpọlọ rẹ̀ ni yóò máa kọ́ ọ díẹ̀díẹ̀. Onímọ̀ etí yóò máa tún ẹ̀rọ náà ṣe léraléra títí yóò fi bá etí ọmọ náà mu. Olùkọ́ ọ̀rọ̀ sísọ yóò máa bá a ṣiṣẹ́. Àwọn òbí rẹ̀ yóò máa bá a sọ̀rọ̀ tọ̀sán tòru. Kékeré ni a sì ti ń pẹ̀ka ìrókò. Ìwádìí ti fi hàn pé bí a bá ṣe é fún ọmọ tí a bí ní adití kí ó tó pé ọdún mẹ́ta àbọ̀, ọpọlọ rẹ̀ sábà máa ń gba ohùn bí ti ọmọ tí ń gbọ́ràn. Bí ó bá ti kọjá ọdún méje, apá ọpọlọ tí a dá fún ohùn yóò ti rí iṣẹ́ mìíràn ṣe, ọ̀rọ̀ sísọ yóò sì nira fún un.

Ti ọmọ tí àrùn yírunyírun sọ di adití tilẹ̀ tún le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Lẹ́yìn àrùn yìí, egungun a máa hù nínú ìkarahun ìgbín náà láàrin ọ̀sẹ̀ tàbí oṣù díẹ̀, títí yóò fi dí ọ̀nà tí wáyà ìbá gbà wọlé. Àwọn oníṣègùn kì í fi irú ọmọ bẹ́ẹ̀ falẹ̀. Ohun tí a bá fi sílẹ̀ lónìí nínú etí rẹ̀, ó lè má ṣeé ṣe mọ́ ní àmọ́dún.

Nígbà tí àrùn Kòrónà dé, ojú wa ni ó ṣe. Pápákọ̀ òfurufú Murtala Muhammed ní Ìkẹjà ni àlejò ará Ítálì tí ó gbé e wọ Nàìjíríà gbà wọlé, kí ó tó kọjá sí Ewékorò; ọjọ́ 27 oṣù Kejì, ọdún 2020 ni a fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé àrùn náà wà lára rẹ̀. Láti ìgbà náà ni ilé ìwòsàn gbogbo ti yí ojú sí ohun kan ṣoṣo. Kì í ṣe tiwa nìkan. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọjọ́ 17 oṣù Kẹta ni àwọn aláṣẹ ìlera ti kọ̀wé sí àwọn ilé ìwòsàn pé kí wọ́n sún gbogbo iṣẹ́ abẹ tí kì í ṣe kánjúkánjú síwájú fún oṣù mẹ́ta ó kéré tán. Àwọn oníṣẹ́ abẹ láti ọ̀pọ̀ ilẹ̀, tí wọ́n kó ara wọn jọ láti ṣírò àdánù náà, sọ ní oṣù Kàrún-ún pé láàrin ọ̀sẹ̀ 12 tí àrùn náà bá fi gbóná jù lọ, iṣẹ́ abẹ tí a ó fagi lé tàbí sún síwájú ní gbogbo ayé yóò lé ní mílíọ̀nù 28.

A kò ní í dá àwọn oníṣègùn lẹ́bi, nítorí ẹni tí ó wọ bàtà ni ó mọ ibi tí ó ti ń ta á lẹ́sẹ̀. Ẹni tí yóò fi ẹ̀rọ sínú etí gbọ́dọ̀ gbẹ́ egungun ẹ̀yìn etí, egungun tí a ń gbẹ́ a sì máa fọ́n eruku àti omi ara sí afẹ́fẹ́. Ní oṣù Keje ọdún 2020, àwọn onímọ̀ ní Johns Hopkins ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà ròyìn pé nínú òkú mẹ́ta tí àrùn náà wà lára wọn, wọ́n bá kòkòrò rẹ̀ nínú egungun ẹ̀yìn etí tàbí àárín etí àwọn méjì. Oníṣẹ́ abẹ tí kò ní aṣọ ìdáàbòbò tí ó péye ń fi ẹ̀mí ara rẹ̀ wewu. Ní Èkó níbí pàápàá, ẹgbẹ́ àwọn dókítà pàṣẹ kí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ wọn jókòó sílé láti ọjọ́ 20 oṣù Kàrún-ún, nítorí pé àwọn ọlọ́pàá ń dá wọn dúró lójú ọ̀nà ní àkókò òfin ìgbélé, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé wọn kò pẹ́ tí wọ́n fi padà sẹ́nu iṣẹ́. Ta ni yóò wá ráyè etí ọmọdé ní irú àsìkò bẹ́ẹ̀?

Síbẹ̀, ẹ jẹ́ kí á ka oṣù lórí ìka. Ní ọjọ́ 4 oṣù Kàrún-ún ni a dẹ òfin náà, tí ẹ̀rọ sì tún bẹ̀rẹ̀ sí í kùn ní Ìkẹjà. Àmọ́ kò sí àyè láti rìn láti ìpínlẹ̀ kan dé òmíràn títí di ọjọ́ 1 oṣù Keje. Ẹni tí dókítà rẹ̀ wà ní Ìbàdàn, Agége ni yóò jókòó sí. Pápákọ̀ òfurufú Ìkẹjà, tí a ti pa dé fún ọkọ̀ ilẹ̀ òkèèrè ní ọjọ́ 23 oṣù Kẹta, kò ṣí fún wọn títí di ọjọ́ 5 oṣù Kẹsàn-án. Ilẹ̀ Íńdíà, níbi tí ọ̀pọ̀ ọmọ Nàìjíríà ti ń wá iṣẹ́ abẹ tí ó wọ́n níbí, kò dá ọkọ̀ òfurufú ilẹ̀ òkèèrè padà bí ti àtẹ̀yìnwá títí di ọjọ́ 27 oṣù Kẹta, ọdún 2022. Àwọn ọkọ̀ tí a yà sọ́tọ̀ nìkan ni ó ń lọ tí ó ń bọ̀ kí ó tó di ìgbà náà. Ọmọ tí ó pé ọdún méjì nígbà tí a ti ilẹ̀kùn, ó ti pé ọdún mẹ́rin nígbà tí a ṣí i tán. Ẹ rántí ọdún mẹ́ta àbọ̀ tí a ti sọ ṣáájú. Bí ilé iṣẹ́ bá ti ìlẹ̀kùn fún oṣù márùn-ún, ó lè fi alẹ́ kún ọ̀sán láti dí àdánù rẹ̀. Ọpọlọ ọmọdé kò ní àṣekún alẹ́.

Àwọn tí ẹ̀rọ ti wà nínú etí wọn náà jẹ nínú ìyà yìí. Ẹ̀rọ tí a kò tún ṣe fún ọmọ tí ń dàgbà kò ní í bá a mu mọ́. Bí apá tí ó wà ní ìta bá bàjẹ́, tàbí bátìrì rẹ̀ bá kú, ọmọ náà padà sínú ìdákẹ́rọ́rọ́ nìyẹn títí a ó fi rí òmíràn láti ilẹ̀ òkèèrè. Ní àwọn ilẹ̀ tí iná àti íntánẹ́ẹ̀tì kì í ṣe ìṣòro, àwọn onímọ̀ etí jókòó sí ọ́fíìsì wọn, wọ́n ń fi kọ̀ǹpútà tún ẹ̀rọ ọmọ tí ó wà ní ilé rẹ̀ ṣe. Ní ọ̀dọ̀ tiwa, ẹ mọ bí iná ti rí. Ìbòmú tí gbogbo wa fi bo ẹnu tún wá dá kún un, nítorí pé ẹni tí kò gbọ́ràn dáadáa a máa fi ojú ka ètè ẹni tí ń bá a sọ̀rọ̀. Ohun tí ó dáàbò bo ẹ̀mí wa ni ó pa ètè mọ́ fún un.

A kò lè sọ̀rọ̀ yìí kí á má mẹ́nu kan owó. Owó ilẹ̀ òkèèrè ni a fi ń ra ẹ̀rọ inú etí. Ẹ jẹ́ kí á fi 10,000 dọ́là ṣe ìṣirò lásán, kì í ṣe pé iye tí gbogbo ilé ìwòsàn ń gbà ni. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2020, nígbà tí Ìjọba ń ṣẹ́ dọ́là kan ní nǹkan bí 307 náírà, owó náà kò ju mílíọ̀nù mẹ́ta náírà ó lé díẹ̀ lọ. Òṣìṣẹ́ tí ń gba owó oṣù tí ó kéré jù lọ nígbà náà, èyí tí í ṣe 30,000 náírà, yóò ṣiṣẹ́ fún ọdún mẹ́jọ ó lé láì jẹun, láì sanwó ilé, kí ó tó kó o jọ. Ní ọdún 2024 dọ́là kọjá 1,500 náírà. Owó oṣù náà di 70,000 náírà lóòótọ́, ṣùgbọ́n 10,000 dọ́là ti di mílíọ̀nù mẹ́ẹ̀ẹ́dógún náírà. Iṣẹ́ ọdún mẹ́jọ ti di iṣẹ́ ọdún mẹ́tàdínlógún ó lé. Bí baba bá fi máa rí owó náà, ọmọ náà ti ń wá aya.

Ohun tí ó ń dùn wá jù nínú ọ̀rọ̀ yìí kò ju ẹyọ gbólóhùn kan lọ. Nígbà àjàkálẹ̀ àrùn náà, ọ̀nà méjì ni a pín iṣẹ́ abẹ sí: èyí tí kò lè dúró, nítorí pé ẹ̀mí yóò bọ́, àti èyí tí ó lè dúró. Etí ọmọdé bọ́ sí apá kejì nítorí pé ìdití kì í pani. Àwa ń sọ pé ìpín náà kò tó. Àgbẹ̀ tí òjò àkọ́rọ̀ bá kọjá lórí rẹ̀ kò kú lọ́jọ́ náà, ṣùgbọ́n ẹ lọ bi í ní ìgbà ìkórè. Ó yẹ kí ìpín kẹta wà: ti ohun tí kì í pani, ṣùgbọ́n tí ìgbà rẹ̀ bá ti lọ, ó lọ nìyẹn. Irú rẹ̀ ni iṣẹ́ abẹ etí ọmọ kékeré. Kí àrùn mìíràn tó dé, kí àwọn aláṣẹ ìlera ti kọ èyí sínú ìwé.

Ohun mẹ́rin ni a ń bẹ̀bẹ̀ fún. Èkíní ni pé kí á máa tètè mọ ọmọ tí kò gbọ́ràn. Ní ọdún 2005, Dókítà Bọ́lájókò Olúsànyà àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í yẹ etí àwọn ìkókó wò ní Èkó, ní ilé ìwòsàn àwọn aláboyún àti ní àwọn ibi tí a ti ń gba abẹ́rẹ́ BCG tí í ṣe ti ikọ́ ife. Ọgbọ́n ńlá ni èyí, nítorí pé ìyá tí kò bímọ sí ilé ìwòsàn pàápàá a máa gbé ọmọ lọ gba abẹ́rẹ́. Kí gbogbo ibùdó ìlera ní Ìkẹjà, ní Agége àti ní Ìfakọ̀ máa ṣe bẹ́ẹ̀. Etí tí a kò yẹ̀ wò, a kò lè tún un ṣe.

Èkejì ni ti owó. Òfin ètò adójútòfò ìlera ti ọdún 2022 dá àpò kan sílẹ̀ fún àwọn aláìní. Ìpínlẹ̀ Èkó náà ní ètò tirẹ̀. Kí àwọn tí ó ń darí ètò wọ̀nyí wò ó bí àpò náà yóò ṣe máa gbé ẹ̀rọ inú etí fún ọmọdé, pẹ̀lú àtúnṣe àti bátìrì rẹ̀, nítorí pé ẹ̀rọ tí kò ní bátìrì, ẹrù lásán ni lórí ọmọ.

Ẹ̀kẹta kan àwọn ilé iṣẹ́ ńláńlá wa. Nígbà tí ẹ̀rù Kòrónà bà wọ́n, àwọn ọlọ́rọ̀ àti àwọn ilé iṣẹ́ dá ẹgbẹ́ CACOVID sílẹ̀ ní oṣù Kẹta 2020, owó tí wọ́n kó jọ sì lé ní bílíọ̀nù 25 náírà. A yìn wọ́n. Èyí fi hàn pé bí ọkàn bá fẹ́, ọwọ́ a máa tó o. Àwọn ilé iṣẹ́ Ìkẹjà mọ ohun tí ariwo ẹ̀rọ ń ṣe fún etí àwọn baba. Kí wọ́n fún wọn ní ìdábòbò etí, kí wọ́n sì dá àpò kan sílẹ̀ fún etí àwọn ọmọ.

Ẹ̀kẹrin ni ti Ilé Ìwòsàn Ìkọ́ni ti Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkó ní Ìkẹjà. Ní 1955, ní ayé Ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn àtijọ́, ilé ìwòsàn kékeré ni. Ní 2001 ó di ilé ìwòsàn ìkọ́ni. Ẹ̀yìnkùlé àwọn òṣìṣẹ́ ni ó wà. Kí Ìjọba ràn án lọ́wọ́ débi pé òbí tí ń gbé ní Dọ̀pẹ̀mú kò ní nílò ìwé ìrìnnà kí ọmọ rẹ̀ tó lè gbọ́ràn. Ìlú tí ó gbẹ́kẹ̀ lé pápákọ̀ òfurufú fún ìwòsàn, ọjọ́ tí pápákọ̀ bá ti ni yóò mọ̀ pé òun kò ní ilé ìwòsàn.

Ẹ̀yin òbí, a ní ọ̀rọ̀ tiyín pẹ̀lú. Ìkókó tí kì í ta gìrì bí ilẹ̀kùn bá gbá, tí ó pé oṣù mẹ́fà tí kì í yíjú sí ohùn ìyá rẹ̀, tí ó pé ọdún kan tí kò pe "bàbá" tàbí "màmá", ẹ má ṣe sọ pé ó jọ bàbá rẹ̀ tí ó pẹ́ kí ó tó sọ̀rọ̀. Ẹ gbé e lọ kí wọ́n yẹ etí rẹ̀ wò. Ẹ má sì jẹ́ kí abẹ́rẹ́ àjẹsára kankan fo ọmọ yín. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé ọgọ́ta nínú ọgọ́rùn-ún ìdití ọmọdé ni ó ní ìdí tí a lè dènà.

Kí ẹnikẹ́ni má sì ṣì wá gbọ́. A kò sọ pé ọmọ tí kò ní ẹ̀rọ yìí kò lè di ènìyàn. Láti ìgbà tí Andrew Foster, ọmọ Amẹ́ríkà tí òun pàápàá jẹ́ adití, ti dá ilé ẹ̀kọ́ adití sílẹ̀ ní Ìbàdàn ní 1960, a ti rí adití tí ó di olùkọ́ àti oníṣẹ́ ọwọ́. Èdè àfọwọ́sọ, èdè gidi ni, kí òbí sì kọ́ ọ pẹ̀lú ọmọ rẹ̀. Ohun tí a ń wí ni pé bí ọ̀nà méjì bá wà, kí ó má jẹ́ pé owó àti àjàkálẹ̀ àrùn ni yóò máa yan ọ̀kan fún ọmọ tálákà.

Lónìí ariwo ti padà sí Ìkẹjà. Fèrè ń dún, ẹ̀rọ ń kùn, kọ̀ńdọ́kítọ̀ ń ké pe Agége láti àárọ̀ kùtùkùtù. Àwa tí ìdákẹ́rọ́rọ́ ọ̀sẹ̀ díẹ̀ bà lẹ́rù ti gbàgbé rẹ̀. Ǹjẹ́ kí á má gbàgbé àwọn tí tiwọn kò tíì dópin, nítorí pé àrùn mìíràn lè tún dé, ọjọ́ orí ọmọdé kò sì ní í dúró dè é.